Tọ́bò méjì tí mo fi kọ́ṣẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan fa géèjì ọ́ìlì yọ lára ọkọ̀ tọ́bò kan, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ẹ́ńjìnì gidi! Kò jẹ ọ́ìlì rárá. Ó tiẹ̀ tún lé sí i ni." Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, mo fìdí lé táyà kan. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ni èmi náà fi ẹnu ara mi sọ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, tọ́bò méjì ni mo sì fi jẹ ìyà rẹ̀.

Ó pé ọdún 20 báyìí tí mo ti ń di sípánà mú. Mo ní kí n to ẹ̀kọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, lórí ọ́ìlì ọkọ̀ tọ́bò nìkan ṣoṣo. Tọ́bò ni ẹ̀rọ kékeré tí eéfín ẹ́ńjìnì ń yí, kó lè máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnì. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń da ọ́ìlì àtijọ́ jáde, tàbí bí a ṣe ń fi ọ́ìlì ra ẹnu fílítà tuntun kí a tó dè é. Bí ẹ ò bá mọ ìyẹn, ọ̀gá yín ló lẹ́jọ́, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ ka ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó ka ara gálọ́ọ̀nù. 5W-30 tàbí 5W-40 kàn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó ni. Ti iwájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ti ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Kò sọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Àmì mìíràn ló ń sọ ìyẹn: API SP (ti ẹgbẹ́ àwọn elépo ní Amẹ́ríkà), ACEA C3 (ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù), tàbí nọ́ḿbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí fúnra rẹ̀, bíi VW 504 00, MB 229.5 tàbí BMW LL-04. Bí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, òun ni kí ẹ wá kiri. "Full synthetic" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú gálọ́ọ̀nù kò lè rọ́pò rẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnì tọ́bò tó ń fín pẹtiróòlù tààrà sínú sílíńdà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ API SP ṣeré. Ọdún 2020 ló jáde, nítorí pé irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, pẹtiróòlù inú rẹ̀ lè gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná. Kálísíọ̀mù tó pọ̀ nínú ọ́ìlì àtijọ́ wà lára ohun tó ń fà á. Ìgbà kan ṣoṣo tó bá lágbára lè fọ́ písítìnì.

Ẹ̀kọ́ kejì: ọ́ìlì tó ki jù kì í ṣe ọ̀rẹ́ tọ́bò. Kò sí gárèèjì tí kò ní àgbà kan tí yóò máa sọ pé "tọ́bò ń gbóná, ẹ fún un ní 20W-50". Ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ má sì ṣe é. Tọ́bò ń yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn kékeré inú wọn ń kọjá 200,000. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ọ̀pá àárín rẹ̀ kò sinmi lórí bọ́ọ̀lù bíárìn kankan. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́ kan ló ń léfòó sí. Ọ́ìlì kíki máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ní gbogbo àkókò tó fi ń bọ̀ yẹn, irin ló ń ha irin.

Ẹ̀kọ́ kẹta: kìlómítà nìkan kọ́ ni ọjọ́ orí ọ́ìlì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ẹ ó kà á, ẹ ó mi orí, ẹ ó sì lọ ṣe ohun tí èmi ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé ọkọ̀ tọ́bò kan wá, irú èyí tó ń fín pẹtiróòlù tààrà. Kò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìyá kan ló ni ín, ọ̀rọ̀ bíréèkì ló sì gbé wọn wá. Èmi tí mo fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé mo já fáfá, mo ní kí n bá wọn yẹ ọ́ìlì wò. Ó ga ju àmì òkè lọ, ó tó ìwọ̀n èékánná kan. Mo ké sí wọn pé, "Màmá, ẹ́ńjìnì yín kò jẹ ọ́ìlì rárá!" Mo ṣí ìwé ọkọ̀ síbi pípààrọ̀ ọ́ìlì, mo rí kìlómítà 15,000. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn ju kìlómítà 6,000 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe sáfíìsì rẹ̀ kẹ́yìn, oṣù 10 ṣáájú. Mo ní kí wọ́n má fowó ṣòfò, pé 9,000 gbáko ló ṣì kù. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà fún mi.

Ohun mẹ́ta ló wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn tí mi ò rí. Àkọ́kọ́, gbólóhùn náà kò parí síbi 15,000. Ohun tí wọ́n kọ ni "15,000 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé". Ìkejì, bí mo bá ṣí ojú ewé kan sí i, ǹ bá rí àtẹ mìíràn fún ọkọ̀ tó ń ṣe wàhálà, tí wọ́n gé iye náà sí ìdajì. Ìrìn kúkúrú wà lára wàhálà tí wọ́n kà síbẹ̀, pẹ̀lú eruku, ooru líle, ẹrù fífà, àti kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìgbà pípẹ́.

Ìkẹta ni géèjì tí mo dì mú lọ́wọ́. Ọ́ìlì kì í bímọ. Bó bá pọ̀ sí i, tí kì í ṣe pé ẹnì kan bù kún un, nǹkan mìíràn ló wọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi rédíétọ̀, á máa rí bíi wàrà. Bó bá jẹ́ pẹtiróòlù, kò ní yí àwọ̀ padà, imú ló ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, pẹtiróòlù tí wọ́n fín kò jó tán. Èyí tó kù á lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, á yọ́ kọjá lára ríńgì, á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà tó sì gbóná dáadáa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á fẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ìyá yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi nígbà tó ti bọ́ sórí, máa ń tan ọkọ̀ wọn tó ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́, kò sì sí èyí tó ju kìlómítà 3 lọ nínú ìrìn náà. Ilé ẹ̀kọ́, ibi iṣẹ́, ilé, a tún jáde. Ẹ́ńjìnì náà kò gbóná dénú rí. Ohun tí mo ń yìn lórí géèjì ni ọ́ìlì tí pẹtiróòlù ti bomi là. Mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan péré ni, mi ò bi wọ́n.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e padà. Ó ń súfèé bí ẹni ń pe ajá, eéfín búlúù ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Kìlómítà tó rìn láti ìgbà sáfíìsì yẹn kò tíì pé 10,000. Mo fọwọ́ kan ọ̀pá tọ́bò, ó ń jó lọ síwá sẹ́yìn, abẹ ìyẹ́ rẹ̀ ti ń gé ara ilé tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi ọjọ́ kan gbáko ṣe é: tọ́bò tuntun, fílítà tuntun, ọ́ìlì tó ní nọ́ḿbà tí ìwé béèrè gan-an. Páìpù tínńrín tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, mo fi àkísà nu ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo sì dè é padà. Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni tọ́bò kejì lò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ dé, ọ̀gá kò bá mi wí. Ó mú sípánà fúnra rẹ̀, ó tú bóòtù tó so páìpù yẹn mọ́ ẹ́ńjìnì, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Inú bóòtù náà ṣófo láti ilé iṣẹ́, asẹ́ kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Kò sí ihò kankan nínú asẹ́ náà mọ́. Ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ ti yan mọ́ ọn, ó ti di èédú. Tọ́bò àkọ́kọ́, ongbẹ ló pa á. Èkejì, ongbẹ kan náà, nítorí pé èmi ni mo dá ọ̀nà ọ̀fun tó dí padà fún un. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

"Ṣé o ò mọ̀ pé asẹ́ wà níbẹ̀ ni?" Ohun tó bi mí nìyẹn. Mi ò mọ̀. Òun mọ̀, ó sì dúró tì mí lọ́jọ́ tí mo ń dè é, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Oṣù 14 ló fi ń yọ owó tọ́bò kejì nínú owó mi. Ìyá tó ni ọkọ̀ kò pariwo. Wọ́n kàn gba kọ́kọ́rọ́ wọn, wọn ò sì wá mọ́ láéláé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ìyà ló ń la ojú ọmọ iṣẹ́, pé ọ̀gá fẹ́ kí n kọ́gbọ́n ni. Mo ti gbọ́. Ẹ fi irin tí ẹ fowó ara yín rà kọ́ ọmọ, kì í ṣe ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti dárí jì í. Mo máa ń sọ pé mo ti dárí jì í.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, bí tọ́bò bá kú lọ́wọ́ yín, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè irú tọ́bò tí ẹ máa rà. Ẹ béèrè ohun tó pa á. Ẹ pààrọ̀ páìpù ọ́ìlì rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ wá asẹ́ inú bóòtù, bí irú ọkọ̀ náà bá ní in. Ẹ wo páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà, nítorí bí ìsàlẹ̀ bá dí, ọ́ìlì á gba ojú síìlì jáde, ẹ ó sì máa fẹ̀sùn kan tọ́bò tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì, ẹ sọ sọ́ǹpù, ọpọ́n ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, kalẹ̀ kí ẹ yẹ asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń mu ọ́ìlì wò. Ẹ fọ intercooler, ibi tí afẹ́fẹ́ tọ́bò ti ń tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnì, èérún irin lè wà níbẹ̀. Kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ da ọ́ìlì sí ẹnu tọ́bò tuntun, ẹ fọwọ́ yí i, kí ẹ sì jẹ́ kí sítátà yí ẹ́ńjìnì láìtàn án títí ọ́ìlì yóò fi dé òkè. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi oògùn inú ike rọ́pò gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó dà á sínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ti fẹ́ẹ̀ fò lọ lórí mi. Ọ̀kan jẹ mọ́ bí a ṣe ń pa ọkọ̀. Lórí ìrìn líle, eéfín tó ń yí tọ́bò pẹtiróòlù lè gbóná ju 900°C lọ. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì lójijì, pọ́ǹpù dúró, ooru ń wọ àárín tọ́bò, ọ́ìlì ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀ á sì yan. Èyí tí omi ń tù lára sàn díẹ̀. Ẹ sọ fún oníbàárà kó rọra wakọ̀ ní ìparí ìrìn, tàbí kó jẹ́ kó dún jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ní ti ìgbà tí a ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ìwọ̀n tèmi ni kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà fún ọkọ̀ tọ́bò tó ń rin ìrìn ìlú, ohunkóhun tí ìwé ìbáà gbà láàyè.

Ọkọ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Mo ní kí ọmọ náà da ọ́ìlì rẹ̀ sínú ọpọ́n, kó fi ìka méjì bù ú, kó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn, ó wò mí lójú. "Pẹtiróòlù ni, ọ̀gá." Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ibi tó ń gbé ọkọ̀ náà lọ lójoojúmọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. Ìrìn mẹ́rin lóòjọ́, kò sí èyí tó tó kìlómítà 5. A tú bóòtù tọ́bò, asẹ́ rẹ̀ ṣì mọ́. Lẹ́yìn tó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó kọ ọjọ́ sára bébà kan, ó kọ "oṣù mẹ́fà" sábẹ́ rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò kọ kìlómítà sí i. Mi ò sọ fún un pé kó kọ ọ́.