Òkè ṣáájú, iyán tẹ̀lé e: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kíkó èrò rìn ní Àkúrẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ kó èrò rìn ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iyán ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Mi ò fi ṣe àwàdà. Ẹni tó bá ti jẹ iyán yó kò ní gun Òkè Ìdànrè mọ́. Bó bá sì dáwọ́ lé e, ìdajì ọ̀nà ló máa jókòó sí. Torí náà, òkè ni ti àárọ̀, iyán ni ti ọ̀sán, ààfin àti Ọjà Ọba á wá tẹ̀lé e, àsun á kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ìdànrè fi díẹ̀ lé ní 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́. Kí bọ́ọ̀sì gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹsẹ̀ lè ti wà lórí àtẹ̀gùn kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn ọ̀hún lé ní 660, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà níbẹ̀. Ẹ sinmi ní gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá sá gun ti àkọ́kọ́ lèémí máa ń kọ́kọ́ já. Kí ẹnì kan ṣáájú, kí ẹnì kan kẹ́yìn. Ẹni ẹ̀yìn ni kó máa ka èrò. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti dán, ilé ni kó wà. Bí òjò bá rọ̀ lóru, òkúta á máa yọ̀, ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló sì máa ń ṣubú jù, torí orúnkún ti rẹ̀. Kí oníkálùkù gbé omi lítà kan àbọ̀ dání. Ẹ gba amọ̀nà lẹ́nu ọ̀nà. Ààfin àtijọ́ ti Ọ̀wá (ọba Ìdànrè), ilé ẹjọ́, ilé-ìwé àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn inú ìtàn Ìdànrè wà lókè, àmọ́ láìsí ẹni tó máa ṣàlàyé, òkúta lásán lẹ máa wò bọ̀.

Iyán wá kàn. Bí èrò bá jẹ́ 14, ẹ sọ fún ìyá oníyán láti ìrọ̀lẹ́ àná, kó ra iṣu sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tíì gbé e kaná. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá ń kúrò ní Ìdànrè ni kí ẹ pè é kó dáná. Iṣu tó bá tutù kó tó kan odó ló máa ń ní kókó, èyí tí wọ́n bá sì gún sílẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá á ti le kí ẹ tó dé. Odó kan kò lè gún ti èèyàn 14 lẹ́ẹ̀kan náà, ìpele ìpele ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ jẹ. Lásìkò iṣu tuntun, omi pọ̀ nínú iṣu, iyán rẹ̀ á sì rọ̀ jù. Bí iṣu ọdún tó kọjá bá ṣì wà lọ́jà, òun ni kí ẹ bèèrè, kódà bó wọ́n díẹ̀. Ẹ tún kọ orúkọ àwọn tí kì í jẹ ẹran igbó sílẹ̀, torí bó bá ti wọnú ìkòkò ẹ̀gúsí, kò sí bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́.

Ẹ ti kọ̀wé sí ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ààfin àtijọ́, tí ìjọba àpapọ̀ kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1990, ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ láti wò. Àgbàlá rẹ̀ ju 15 lọ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe: Ua Ubura fún ìbúra, Ua Ikomo fún ìsọmọlórúkọ. Ẹ dárúkọ àwọn méjèèjì fún ẹni tó ń mú yín rìn, kó má baà jẹ́ iwájú nìkan lẹ máa rí. Kí ọkùnrin ṣí fìlà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Kí ẹ tó mú ọjọ́ rárá, ẹ bèèrè ìgbà tí ọdún ìbílẹ̀ Aheregbe bọ́ sí, torí ọjọ́ yẹn, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ìlú á wà ní títì.

Ẹsẹ̀ lẹ máa fi dé Ọjà Ọba láti ààfin. Kí awakọ̀ má dúró dè yín lójú ọ̀nà Ọba Adésídà. Kó já yín sílẹ̀, kó wá ibòmíì páàkì sí. Ogójì ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ ná ọjà o, pàápàá ẹ̀yin ará Èkó.

Ní ti àsun, ewúrẹ́ tí wọ́n sun tawọtawọ lórí iná, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n wá fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n bọ̀ lómi kí wọ́n tó dín in kì í ní òórùn èéfín, awọ rẹ̀ á sì máa rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Láàárọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é lọ́nà méjì, èyí tó ta gan-an àti èyí tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ẹnì kan á ṣáà sọ pé kí ẹ fi ìlú Ọ̀wọ̀ kún un. Ẹ kọ̀. Nǹkan bí 50 kìlómítà ni, ọ̀nà ìlà-oòrùn, ààfin Ọlọ́wọ̀ àti mùsíọ́ọ̀mù tó wà lọ́gbà rẹ̀ sì tó iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ padà sí Èkó lọ́jọ́ náà, kó yọ Ọjà Ọba kúrò, kó di àsun tirẹ̀ dání, kí mọ́tò sì ti gbéra kó tó di aago mẹ́ta.