Àyẹ̀wò ọdún: etí tó ń hó, ọkàn tó ti rẹ̀

Bí ọdún ti ń kógbá wọlé, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ti etí tó ń hó lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Ibi tí a fìdí kalẹ̀ sí rèé: kí ẹnikẹ́ni tó dá ọkàn lẹ́bi, kó kọ́kọ́ da ọ̀rá oògùn rẹ̀ sórí tábìlì.

Ọkàn lẹ́jọ́ tirẹ̀ o. Ibi tí a fi ń gbọ́ràn nínú etí ká kóró bí ìkarahun ìgbín, òpójẹ̀ tín-ín-rín kan ló sì ń bọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fà sẹ́yìn níbẹ̀, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá wá lọ sílẹ̀ jù, etí lè máa hó, kí òòyì sì máa kọ́ni téèyàn bá dìde lójijì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Lásíìsì, oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ omi ara dànù. Bó ṣe ń da iyọ̀ inú kíndìnrín rú ló ń da ti omi inú etí rú. Oníhóró 40 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kì í sábà fa wàhálà. Abẹ́rẹ́ ni ká ṣọ́. Bó bá pọ̀, kò gbọdọ̀ yára ju 4 mg lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé 120 mg á gba ìṣẹ́jú 30. Bí wọ́n bá tì í wọlé wàrà nítorí èrò ń dúró, etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó kí aláìsàn tó délé. Bí kíndìnrín bá tún ti ń ṣàárẹ̀, tàbí tí gentamicin, oògùn apakòkòrò, wà pẹ̀lú rẹ̀, ewu ń gorí ewu nìyẹn. Etí náà lè má padà bọ̀ sípò.

Aspirin 75 mg tí dókítà kọ kì í sábà yọ etí lẹ́nu. Èyí tó jẹ́ 300 mg, tí wọ́n ń gbé mì lemọ́lemọ́ nítorí ara ríro, lè mú kí etí hó. Kuníìnì náà lè fà á. Ibuprofen, oògùn ara ríro mìíràn, burú lọ́nà tirẹ̀: ó ń dá omi dúró sára, ẹsẹ̀ á wú, wọ́n á sì fi kún Lásíìsì. Ti àpòpọ̀ aláìlórúkọ tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò láti Ìwó Road lọ sí Chállẹ́ńjì nílùú Ìbàdàn, a ò tiẹ̀ fẹ́ sọ.

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Bí ohùn inú etí bá ń bá ìlù ibẹ̀ rìn, kì, kì, kì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti òpójẹ̀ ọrùn wò. Bó bá ń hó yèè láìdúró, oògùn, ariwo tàbí ìdọ̀tí etí la kọ́kọ́ ń wò. Ẹ má ki igi bọ̀ ọ́.

Ẹ má dá Lásíìsì dúró fúnra yín, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa wọn ara láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun: bó bá fi 2 kg lé sí i láàárín ọjọ́ 3, ó di ilé ìwòsàn. Bí etí kan bá sì dí lójijì, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn.