Ogún ọsàn àti èènì kan

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Aago méje ti lù, mo ti lo oògùn mi, mo wá jókòó sídìí tábìlì kí wọ́n tó múná lọ. Ó rẹ̀ mí gan-an lónìí, àmọ́ mi ò fẹ́ sùn láìkọ ọ́ sílẹ̀, torí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún mi, ohun tí mi ò bá kọ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ mo lè máa wá a títí kí n má rí i.

Ilé Ìyá Ìbejì ni mo lọ, lágbègbè Agbowó, n'Íbàdàn níbí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lónìí tí wọ́n yọ kókó kan kúrò nínú agbárí ẹ̀, lápá òsì ọpọlọ. Ọsàn ló ń tà lọ́jà Bódìjà kí àìsàn yìí tó dé. Nọ́ọ̀sì kan ló fún ọkọ ẹ̀ ní nọ́ńbà mi, ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní irú ẹ̀ ti ṣe yín rí. Ìyàwó mi ti délé, ojú ọgbẹ́ ń san, ó ń jẹun, ó ń rìn, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò kì í wá." Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Tèmi, 2019 ni. Bí ọdún méjì ṣáájú ẹ̀ ni orí ti ń fọ́ mi láràárọ̀, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ o, àárọ̀ kùtù ni, bí mo bá ṣe jí báyìí á dà bíi pé ẹnì kan ń fi ọmọ odó gún un látinú, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá á ti rọlẹ̀. Mo lo oògùn ibà, mo lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo pààrọ̀ gíláàsì ojú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ wòlíì kan, ó ní ẹnì kan nílé bàbá mi ló ta mí lọ́fà lórí. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, mi ò sì bá àǹtí mi kan sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Àfi ọjọ́ kan tí mo wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, Púráímárì mẹ́rin, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé wà lọ́wọ́ òsì, ni àtàǹpàkò òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra ẹ̀. Mò ń wò ó. Ó gba ọwọ́ gòkè lọ sí èjìká, ìwé bọ́ sílẹ̀, ìgbà tí màá fi lajú, àwọn ọmọ ń sunkún lórí mi, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi torí wọ́n ti ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu, eyín mi kan sì ti kán.

Ẹ jẹ́ n yà síbí díẹ̀ torí ó ṣe pàtàkì sí mi. Tí gìrì bá mú èèyàn lójú yín, yálà ọmọdé tàbí àgbà, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo tàbí àdí sí i lọ́fun, ẹ má ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọná, ẹ má sì dì í mọ́lẹ̀. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ lè ráyè jáde, kí ẹ sì máa wo aago. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù. Kì í ràn. Ẹ má sá fún un.

Nígbà tí MRI, ìyẹn àwòrán inú orí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, jáde, dókítà tó ṣàlàyé fún mi mú ẹyin sísè tó fẹ́ fi jẹun ọ̀sán ẹ̀, ó bó o, ó fi awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín èèpo àti ẹyin hàn mí. Ó ní irú awọ báyìí ló bo ọpọlọ, pé ara awọ yẹn ni kókó tèmi ti hù, kò sí nínú ọpọlọ gan-an, ń ṣe ló ń ti ọpọlọ látìta. Meningioma ni wọ́n ń pè é. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í tètè dàgbà, àwa obìnrin ló sì ń ṣe jù. Ó lè ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo ṣe jáde ní yàrá yẹn, àǹtí mi ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ọkọ mi pàápàá. Mo ní kí wọ́n foríjì mí. Wọ́n ní, "Fún kí lọmọ mi?", àwa méjèèjì bá bú sẹ́kún lórí fóònù.

Gbogbo kókó ọpọlọ kọ́ ló rí báyẹn o. Èyí tí wọ́n ń pè ní glioblastoma, inú ọpọlọ gan-an ló ti ń hù, ó ń ta gbòǹgbò káàkiri, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀bẹ yọ ọ́ tán. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ní in. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lo temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ, síbẹ̀ ó padà, a sì sin ín. Èmi náà jókòó tì í láwọn ọjọ́ yẹn. Látìgbà náà ni mi ò ti jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé "tèmi lọ, tìẹ náà á lọ". Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni dókítà pe orúkọ ẹ̀, ibo ló wà, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni mo bá Ìyá Ìbejì lónìí, ó jókòó lórí àpótí, ó wé gèlè kékeré kan mọ́rí. Mo mọ ìdí tó fi wé e nínú ooru yẹn. Nígbà tí wọ́n fá orí tèmi, obìnrin kan ládùúgbò wa rí mi lókèèrè, ó káwọ́ lérí, ó ń sáré bọ̀, ó ní, "Háà, ìgbà wo ni Dádì lọ?" Ó ti rò pé opó ni mí. Ọkọ mi ń fọ mọ́tò lẹ́yìn mi nígbà yẹn. Mo bá tú ìbòrí tèmi, mo tẹ orí ba fún Ìyá Ìbejì kó lè fọwọ́ kan ojú àpá náà, láti òkè iwájú orí títí dé ẹ̀gbẹ́ etí. Ó fi ìka tọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó ṣáà tú gèlè tiẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i lórí.

Ooru mú, kò síná. Ó kọjú sí àbúrò ọkọ ẹ̀, ó ní, "Bá mi mú… bá mi mú…" Ó dákẹ́. Ó ń fi ọwọ́ júwe. Ọmọbìnrin yẹn dìde wuya, "Omi ni? Aṣọ? Fóònù yín? Ìbejì lẹ fẹ́ rí?" Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dà sí i lára ni ojú ẹ̀ ń pọ́n, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá itan ara ẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní, "Ẹ wò ó, Tíṣà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gé ibi tí iyè wà kúrò?" Wọ́n sọ ọ́ lójú ẹ̀. Ó sì gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó mọ ohun tó fẹ́, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò wá. Apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ó máa ń wú, ọ̀rọ̀ á máa há. Ti ẹlòmíràn á padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti ẹlòmíràn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíràn ò sì ní padà tán.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fún un láyè. Ẹ má bá a sọ ọ́." Gbogbo wa dákẹ́. Ó pẹ́ o, ó pẹ́ débi pé ìdí ń yún àbúrò ọkọ ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ewé… ewé atẹ́gùn." Mo ní, "A… a…" Ó ní, "Abẹ̀bẹ̀!" Ó pariwo ẹ̀. Àfi bí ìgbà téèyàn rí owó tó ti sọnù.

Mo ti ra ọsàn dání, mi ò dédé rà á. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ fún mi pé ohun tó ti mọ́ ẹnu lára tipẹ́, bí àdúrà, orin, oríkì, oókan eéjì, máa ń ṣẹ́ kù sẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ mìíràn ń há mọ́ lọ́fun. Mo da ọsàn náà sílẹ̀ níwájú ẹ̀ lórí ẹní, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi ka ogún, mo fẹ́ rà." Ó wò mí. Ó wo ọsàn. Ọwọ́ ẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń ṣà wọ́n bí àwọn ọlọ́sàn ṣe máa ń ṣe é, ẹnu ẹ̀ sì ṣí: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún." Ó tò wọ́n jọ. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún." Kò há, kò dúró, ohùn ọjà ló fi ń kà á. Ìdì mẹ́rin pé ogún. Mo na ọwọ́ láti kó o, ó gbá mi lọ́wọ́, ó mú ọ̀kan sí i, èyí tó pọ́n jù, ó gbé e lé e lórí, ó ní, "Èènì."

Ẹnikẹ́ni ò ní kó sọ ọ́. Ìyá ọkọ ẹ̀ mú etí aṣọ, wọ́n fi bojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki i, oríkì ilé ẹ̀, gígùn, èmi ò tiẹ̀ mọ gbogbo ẹ̀, Ìyá Ìbejì sì ń bá wọn fi ẹnu gbe ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó síbẹ̀, omi ń dà lójú mi.

Bàbá Ìbejì sìn mí dé títì. Ó ní òru ló ń ba òun lẹ́rù, pé ìyàwó òun ń jí lágogo méjì, ó ń béèrè àmàlà, màmá sì ń sọ pé ẹ̀mí kan ló ń jẹun nínú ẹ̀. Mo ní dexamethasone ni. Wọ́n ń fún èèyàn kí ọpọlọ tó wú lè fọn, ó ń ṣiṣẹ́ ribiribi, àmọ́ ó ń pa èèyàn lébi bí ẹni tó gbààwẹ̀, kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ojú á kún, súgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè. Mo ní kó sọ fún dókítà kí wọ́n yẹ súgà ẹ̀ wò, kó má sì fúnra ẹ̀ dá a dúró láé, wọ́n máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni. Mo sọ tèmi fún un náà, bí mo ṣe dá oògùn gìrì mi dúró lọ́dún kejì nítorí pé ara mi ti le, owó ẹ̀ sì ti gọ́ntíọ́, mo ní ọpẹ́ ni kí n máa dá. Ọjọ́ kẹrin, gìrì gbé mi ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ láti lo oògùn.

Ọmọ Àwẹ́ ni Bàbá Ìbejì. Ó ní bàbá òun máa ń sọ̀tàn Dókítà Latunde Odeku fún àwọn, ọmọ Àwẹ́ bíi tiwọn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tó kọ́ṣẹ́ ní Michigan l'Ámẹ́ríkà, tó wá padà sílé lọ́dún 1962 sí UCH, ọsibítù ńlá n'Íbàdàn níbí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nígbà tó kú lọ́dún 1974. Ó ní òun rò pé ìtàn ìlú lásán ni, òun ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa jókòó síta tíátà fún wákàtí mẹ́fà, tí òun á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tí òun ò rí rí.

Mo ní kí òun náà sùn. Kó jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ máa gba òru kan lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó ní kò rẹ òun. Ojú ẹ̀ ti wọnú.

Nínú bọ́ọ̀sì, ariwo kọ̀ńdọ́, rédíò àti hóòǹ wọlé sí mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní láti bọ́ọ́lẹ̀ ní Mọ́kọ́lá kí n jókòó síbi ṣọ́ọ̀bù kan fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Irun ti bo àpá, gbogbo èèyàn ló ń kí mi pé mo ti dá ṣáṣá, mo sì ń dúpẹ́, àmọ́ tí mo bá lo ara ní àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ kì í sí mọ́. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fún mi lómi, kò béèrè nǹkan kan. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ.

Túsìdeè ni MRI mi, èyí tí mò ń ṣe lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá kókó náà ń padà. Ọwọ́ mi ti ń tutù láti àná.

Ọkọ mi wọlé báyìí, ó rí ọsàn kan ṣoṣo lórí tábìlì, ó ní ṣé kí òun bó o fún mi. Mo ní rárá, kó fi í sílẹ̀, èènì ni wọ́n fún mi.