Òkúta tó ń hó nínú ike

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì láàárọ̀ yìí. Òkúta mábù tí mo ṣà bọ̀ láti Ìgbẹ́tì, tó kàn funfun tí kò jọ nǹkan kan, ni mo rì sínú ike fínígà láti ọjọ́ Àìkú. Ìyàwó mi ní ṣé òkúta la fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé etí sí i: ṣíì, ṣíì, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò mínírà. Afẹ́fẹ́ kan náà ni, àbí ẹ ò mọ̀? Calcite, èròjà òkúta tó wà nínú mábù, ni ásíìdì inú fínígà ń jẹ. Ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ fínígà náà, torí agbára rẹ̀ máa ń tán.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n wá gba omi bátìrì, pé ìyẹn á yá. Ó tì o! Yàtọ̀ sí pé ó ń bó èèyàn lára, èépá funfun ló máa fi bo òkúta náà, híhó á sì dáwọ́ dúró.

Láàárọ̀ yìí ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Háà! Hóró quartz, èròjà òkúta líle kan tó dà bíi gíláàsì, ti yọrí síta, wọn ò tóbi ju ìrẹsì lọ, wọ́n mọ́ gaara bíi yìnyín. Fínígà ò rí wọn gbé ṣe. Mo gbé e sójú oòrùn, mi ò sì tètè rántí pé mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ta ló ti dán an wò nínú yín? Kí lẹ bá nínú tiyín?