"Ṣé yóò kúrò?": Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà kí omi tó kan kápẹ́ẹ̀tì

Kò sí ẹni tó máa pè mí wá fọ kápẹ́ẹ̀tì ní Ìkòròdú yìí tí kò ní kọ́kọ́ bi mí nípa àbàwọ́n ara rẹ̀ pé, "Ṣé yóò kúrò?" Ará Sábó ni o, ará Ẹbútẹ́ ni o, ìbéèrè kan náà ni. Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ni pé, "Yóò kúrò ráúráú, ẹ má fòyà." Ìdáhùn yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tí à ń fọ kápẹ́ẹ̀tì àti oníbàárà. Èmi kì í sọ ọ́ lórí fóònù. Màá fojú ara mi rí i, màá fọwọ́ kàn án, màá sì béèrè pé: kí ló dà sí i? Ìgbà wo ló dà sí i? Kí lẹ ti fi fọ̀ ọ́ kí n tó dé?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn kì í fẹ́ dáhùn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan tí mo ṣe ní Ìgbógbó. Wọ́n sọmọ lórúkọ nínú ilé, zóbò sì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ iyanrìn tó wà ní pálọ̀. Wọ́n ti fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú gbo ó kí wọ́n tó pè mí. Zóbò tó pupa nígbà tó dà ti wá di àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ ti ewé. Ẹnì kan nínú ilé tún ti da bílíìṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ti funfun.

Màmá onílé ní, "Ọmọ mi, ọṣẹ yẹn ti jó o, àbí?"

Mo ní, "Rárá mà, kò jó o. Bí àwọ̀ zóbò ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọṣẹ bá ti kàn án. Mo gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò lọ. Ṣùgbọ́n ibi funfun yìí, mà, n kò ní tàn yín. Bílíìṣì ti jẹ àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ, kò sì sí ọṣẹ tó lè dá a padà. Àga lẹ máa gbé lé e."

Inú wọn ò dùn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ.

Mo da fínígà díẹ̀ sínú omi tútù, mo rẹ aṣọ funfun sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀. Lójú Màmá báyìí, àwọ̀ eérú yẹn padà di pupa. Wọ́n pariwo! Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn: ohun kíkan máa ń mú àwọ̀ zóbò pọ́n, ọṣẹ ló máa ń sọ ọ́ di búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Mo wá tẹ́ táwẹ̀lì funfun gbígbẹ lé e, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo gbé e, àmì pupa ti hàn lára táwẹ̀lì. Mo yí ojú tó mọ́ sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún rẹ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, títí táwẹ̀lì ò fi gba àwọ̀ mọ́. N kò gbo ó rárá. Ẹni tó bá ń gbo àbàwọ́n ń tì í wọlé sísàlẹ̀ ni, ó sì ń tú òwú kápẹ́ẹ̀tì, débi pé ojú ibẹ̀ yóò rí wúruwùru kódà tí àbàwọ́n bá ti lọ.

Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó fi ibi funfun yẹn bá mi jà. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi hun kápẹ́ẹ̀tì náà tún lọ́rọ̀ nínú. Màá fa òwú tín-ín-rín kan yọ létí rẹ̀, màá ṣáná sí i níta. Tó bá rùn bí irun tó jó, irun àgùntàn ni, bílíìṣì ò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé yóò jẹ ẹ́ run. Tó bá yọ́ tó sì di kóró, oníke ni. Ọ̀pọ̀ oníke kì í mu zóbò tàbí tíì púpọ̀, ṣùgbọ́n epo ni ọ̀tá rẹ̀, torí epo máa ń rọ̀ mọ́ ọn gan-an.

Tí epo pupa bá dà, pọ́dà la máa kọ́kọ́ bù lé e kó fà á mu, ká tó lo ọṣẹ olómi tí à ń fi fọ abọ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀rá rẹ̀ lè lọ kí ìpọ́n rẹ̀ ṣì kù. Ìpọ́n yẹn, oòrùn ló máa ń pa á, bó ṣe máa ń pa ti kọ́rì. Nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, tí òjò kì í fún wa láyè, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé á pẹ́. Ti ẹ̀jẹ̀ rọrùn tẹ́ ẹ bá tètè pè mí nígbà Iléyá: omi tútù nìkan. Omi gbígbóná máa sè é mọ́ òwú bí ẹyin ni.

Omi wa níbí náà ń kọ́? Ní àwọn àdúgbò kan, omi kànga ẹ̀rọ máa mọ́ nígbà tó bá ń jáde, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á pọ́n, torí irin tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi fọ kápẹ́ẹ̀tì funfun kẹ́ ẹ rí i! Mo máa ń gbé omi tèmi dání.

Èyí tó máa ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni àbàwọ́n tó padà wá. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tún yọ o!" Kò sí idán níbẹ̀. Ohun tó dà sílẹ̀ ti wọ ìdí kápẹ́ẹ̀tì lọ. Tí òkè bá ń gbẹ, omi ìsàlẹ̀ á máa gòkè bọ̀, á sì máa gbé ìdọ̀tí yẹn bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo omi níwọ̀nba, tí mo fi ń tẹ́ táwẹ̀lì lé e tí mo sì ń gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Síbẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: tó bá yọ, ẹ pè mí, n kò ní gbowó ìpadàwá. Owó tí mo ń gbà, owó fífọ̀ ni, bí kápẹ́ẹ̀tì bá ṣe tóbi sí. Mo máa ń kọ ọ́ sínú rìsíìtì: "epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó lè kù díẹ̀." Àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ iná alẹ́. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kó fa omi rẹ̀ mu, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti da nǹkan sí i, ẹ sọ orúkọ nǹkan ọ̀hún fún mi. N kò ní bá yín wí.