Ẹyẹ ni wọ́n rí

Sátidé, oṣù Ọ̀wàrà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀.

"Ẹyẹ ni wọ́n rí."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ti ń kùn létí mi bí ẹ̀fọn tó há sínú nẹ́ẹ̀tì.

Kò sẹ́ni tó bú mi o. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo wà, mò ń wá ọ̀rá tí màá fi wé bàtà oko, ni mo gbọ́ tí Ìyá Alákàrà ń sọ ọ́ fún ẹnì kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò gùn, imú lásán ló gbà jáde. Èwo ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn àti ẹ̀rín yẹn, mi ò tíì lè sọ.

Mo kúrò ní Kubwa ní aago márùn-ún ìdájí. Mo dé oko ìrẹsì mi ní Kwali kí oòrùn tó mú. Alàgbà bá mi níbẹ̀, òun àti ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá bó ṣe máa ń wà. A yìnbọn lu ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì títí di aago mẹ́wàá, Alàgbà lọ, èmi dúró láti so rẹ́bọ́ọ̀nù kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ. Ẹ̀gà mọ́kànlá la pa. Mo darí wálé. Iná ò sí. Ọjọ́ òní nìyẹn.

Ẹyẹ ni wọ́n rí.

"Wọ́n" yẹn gan-an ni wàhálà. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ló ń bá wí, a jẹ́ pé ó bọ̀wọ̀ fún mi, nítorí mo jù ú lọ dáadáa. Tó bá jẹ́ gbogbo àwa tí à ń ti ìgboro Àbújá wá dáko ní òpin ọ̀sẹ̀, tí a wọ bàtà rọ́bà tuntun, tí a gbé kúlà omi tútù dání, a jẹ́ pé kò bọ̀wọ̀ fún ẹnì kankan. Àbí ṣé ọ̀wọ̀ ni kéèyàn máa fi "wọ́n" fini ṣẹ̀sín? Yorùbá mọ ìyẹn ṣe. Ìyá mi tó bí mi, tó bá ti pè mí ní "ẹ̀yin," mo mọ̀ pé mo ti wọ gbèsè.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìbọn ná, bóyá ọkàn mi á rọlẹ̀.

Kì í ṣe irú ìbọn bàbá mi. Ṣakabùlà ni tiwọn, wọ́n á ki ẹ̀tù, wọ́n á gún un, gbogbo agboolé wa ní Ṣakí ni yóò mọ̀ pé bàbá yìnbọn. Eléyìí, o máa dì í mú nídìí, o máa fa ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́ po bí ẹni fẹ́ dá ìrèké, yóò dún "kọ́." Sípíríìǹgì inú rẹ̀ ti ká jọ nìyẹn, afẹ́fẹ́ tí yóò tì ló kù. Ọta rẹ̀ ò ju 5.5 mìlímítà lọ, òjé ni, ìbàdí rẹ̀ fún bíi ti gángan. Àtàǹpàkò ni wàá fi tì í wọlé, ìdí rẹ̀ tó ní ihò yóò kọjú sí ọ. O dá ẹnu ìbọn padà, o rọra mí sínú, o fà á. Kò ní dún "gbòà." "Pá" kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n fi sálúbàtà pa aáyán. Ẹ̀gà kan á já bọ́, àwọn tó kù lórí igi kejì ò tiẹ̀ ní dákẹ́ ariwo wọn.

Mo mú ọ̀kan nílẹ̀ láàárọ̀. Akọ ni, orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ ń dán bí ìyeyè tó pọ́n. Ó ṣì gbóná. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, mo fi ìka tẹ ibẹ̀ díẹ̀, omi funfun yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ṣàn sí mi lọ́wọ́. Wàrà ìrẹsì mi, omi inú hóró tí kò tíì gbó. Inú bí mi, ni àánú bá ṣe mí. Àánú ò tíì wọra tán, mo rántí iye tí mo ra àpò ajílẹ̀ kan lọ́dún yìí. Mo nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

Bàbá mi máa ń sọ pé ẹ̀tù tí a ó fi pa ẹtu, a kì í fi lé ẹyẹ. Ká ní wọ́n wà láyé kí wọ́n rí ọmọ wọn tó dọ̀bálẹ̀ sórí àpò ṣìmẹ́ńtì, tó ń fi ojú kan wo ẹ̀gà nínú awò, ẹ̀rín tí wọn ì bá rín, imú kọ́ ni ì bá gbà jáde.

Bóyá ohun tí Ìyá Alákàrà ń sọ náà nìyẹn. Pé ọmọ ọdẹ, nínú gbogbo ẹran ilé ayé, ẹyẹ ló rí pa. Ṣùgbọ́n kò mọ bàbá mi.

Mo ṣe ìṣirò kan nígbà tí mò ń so rẹ́bọ́ọ̀nù. Lókè lọ́hùn-ún, ní Kebbi, Sókótó, Jigawa, Yobe, ẹyẹ tí àwọn Hausa ń pè ní jan baki ni wọ́n ń bá jà. Ẹyẹ bíńtín, ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bí 20 gíráàmù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ hóró ọkà tó tó 10 gíráàmù lóòjọ́. Tí mílíọ̀nù méjì bá bà sí agbègbè kan, 20 tọ́ọ̀nù ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ òfurufú ni ìjọba fi ń fọ́n oògùn lé wọn lórí. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìbọn afẹ́fẹ́ lọ bá jan baki, àfi tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣeré. Tèmi kì í ṣe jan baki, ẹ̀gà ni, wọn ò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Síbẹ̀. Ọta 500 ló wà nínú agolo kan. Tí n kò bá tàsé ẹyọ kan títí agolo yóò fi tán, oúnjẹ tí mo gbà sílẹ̀ lóòjọ́ kò ju kìlógíráàmù márùn-ún lọ. Ti mọ́kànlá òní ńkọ́? Kò kún agolo mílíìkì kan. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀gà ń jẹ ìlọ́po méjì jan baki, agolo mílíìkì méjì. Owó epo mọ́tò láti Kubwa dé Kwali, àlọ àti àbọ̀, fún agolo mílíìkì méjì.

Mi ò sọ fún Alàgbà. Inú wọn ń dùn.

Ẹni ire ni Alàgbà ṣá. Wọn kì í yìnbọn àfi tí òkìtì tàbí ìdí igi ńlá bá wà lẹ́yìn ẹyẹ. Wọ́n ní ọta tó tàsé ẹyẹ kò tíì parí ìrìn rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ táńkì omi mi tí ọta mi lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn Alàgbà ò sí níbẹ̀.) Àwọn náà ló sọ fún mi pé Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tó gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, pé kí n má tẹ̀ lé àwọn tó ń pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ìwé sì wà lórúkọ wọn. Orúkọ wọn, kì í ṣe orúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ lónìí. Mi ò gbọdọ̀ tún gbà. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn sójà ti ń dá mọ́tò dúró lọ́nà Gwagwalada, bẹ́ẹ̀ ìbọn ò sí nínú mọ́tò mi o, Alàgbà ti gbé e lọ láti aago mẹ́wàá, àyà mi ṣì ń lù kì-kì-kì bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Kí ló dé? Ẹyẹ mẹ́ta.

Ẹyẹ ni wọ́n rí.

Tàbí kẹ̀, bóyá "rí" yẹn ni mi ò gbọ́ dáadáa. Bí a ṣe máa ń sọ pé "èmi lẹ rí" nígbà tí wọ́n fi ẹni tó lágbára sílẹ̀ tí wọ́n wá di mọ́ ẹni tí kò ní ìyá. Nínú gbogbo ohun tó ń jẹ oko, ẹyẹ ni wọ́n rí mú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, mi ò ní èsì kankan. Màlúù tó kọjá nínú oko yẹn lóṣù Ògún ńkọ́, kí ni mo ṣe? Mo kí olówó wọn. Mo tún bi í nípa ilé. Oníṣòwò tó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún, tó ń gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá látilé rẹ̀, mo máa ń ra mínárà fún un ni. Eku tó wà nínú ilé tí mo ń kó nǹkan sí, tó lu àpò mẹ́rin lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ni ìbọn afẹ́fẹ́ ì bá tọ́ sí gan-an: ibi tó sún mọ́ni, ògiri lẹ́yìn, ọta kan eku kan. Òru ni eku ń jáde. Ta ló máa sùn sóko ní Kwali lásìkò yìí? Alàgbà ní àwọn ò sùn. Èmi náà ò sùn.

Nítorí náà, ọ̀sán gangan, ẹyẹ.

Ẹ wo bí mo ṣe ń bínú fún obìnrin tó ń ta àkàrà jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín lónìí nìkan: ọmọlangidi tí mo rì mọ́lẹ̀ láti dẹ́rù bà wọ́n, tí mo fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi àtijọ́ wọ̀. Ẹ̀gà kan bà lé e lórí, ó ń nu ẹnu mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Rẹ́bọ́ọ̀nù kásẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣiṣẹ́. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, yóò máa dún "hùùù," yóò máa tàn yanran, wọn ò ní sún mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti fi ṣe ibi ìsinmi.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin tó ń da màlúù yẹn wá. Ó tó ọmọ ọdún méjìlá. Ó kí mi, ó yọ kànnàkànnà rẹ̀, kì í ṣe onírọ́bà, èyí tí Dáfídì lò ni, ó fì í lórí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó jù ú. Kò ba ẹyẹ kankan. Okùn yẹn kàn dún "páà" lójú ọ̀run, ó sì figbe ta. Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ tí atẹ́gùn gbé, wọ́n rékọjá odò. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ṣa ẹ̀gà mọ́kànlá mi jọ, ó ní òun máa sun wọ́n. Mo sọ fún un pé kó gé ibi tí ọta wọ̀ dànù, pé òjé ò dára lára. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò jẹ ẹyẹ rí.

Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn tó lọ, wọ́n ti padà. Bí mo ṣe ń kúrò ní aago mẹ́rin ni wọ́n ń dé fún oúnjẹ alẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń padà sí tèmi? Ìrẹsì kún àbàtà yẹn lápá ọ̀tún lápá òsì.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n láti àárọ̀, mò ń yí i ká ni. Lóṣù Òkudù, ọkọ Ìyá Alákàrà, ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ gbìn." Mo ní rárá o. Mo ní irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 ni tèmi, nǹkan bí ọjọ́ 110 sí 120 ó ti pé, màá ti kórè kí ọjà tó kún. Mo tiẹ̀ fi ìka ka oṣù fún un, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Bàbá náà ní, "Ó dáa." Ó gbin tirẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn gbìn. Báyìí, nínú gbogbo àbàtà yẹn, tèmi nìkan ló ní wàrà lára. Tiwọn ṣì jẹ́ ewé tútù. Gbogbo ẹ̀gà ìlú, ilé mi nìkan ni ọbẹ̀ ti ń ta sánsán. Tí gbogbo oko bá yọ wàrà pọ̀, ẹyẹ á pín ara rẹ̀ káàkiri, oníkálùkù á pàdánù díẹ̀.

Ó sì ṣeé ṣe kí obìnrin náà má rò ó dé ibẹ̀. Ó ń din àkàrà. Ó rí mi tí mò ń bọ̀ látoko, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ìyẹ́ ẹ̀gà kan lẹ̀ mọ́ mi lápá. Ó sọ̀rọ̀.

Ìyá Tọ́lá ní kí n jẹ́ káwọn sùn. Mo ti sọ ọ́ fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ohùn obìnrin náà. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n jẹ àkàrà méjì sí i, wọ́n ní, "Àkàrà yìí dùn o. Èló lẹ rà á?"

Mo ṣí ẹnu.

Mi ò san owó. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti wọ mọ́tò, ọ̀rá àkàrà lọ́wọ́ mi, mo wa mọ́tò lọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà. Wọ́n á ti máa sọ ọ́ báyìí lórí bẹ́ǹṣì yẹn.