Ọjọ́ tí kálukú ń kà nílé wa

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwa mẹ́ta la wà nílé wa ní Aké, l'Abẹ́òkúta: màmá mi tí wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, èmi, àti ọmọ mi ọkùnrin tó ń múra WAEC.

Owó lèmi fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ 14 ni ìjọba kọ́kọ́ dá, wọ́n tún fi 14 mìíràn lé e. Ìsọ̀ àdìrẹ mi ní Ìtòkú wà ní títì, alájọ ò yà mọ́, owó aṣọ tí mo gbà láwìn sì ń bẹ lọ́rùn mi. Tí mo bá wá rí ọmọ yìí tó sùn di ọ̀sán, tó fi òru tẹ fóònù, ariwo ni mo máa ń pa mọ́ ọn. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Ó ṣì ń dùn mí. Ìdánwò tó ti ń múra fún láti ọdún 6 ni wọ́n sún síwájú láìdá ọjọ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ni kó tètè jí fún?

Màmá ńkọ́? Mo rò pé wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, n kò sì jẹ́ kí àlejò kankan dé ọ̀dọ̀ wọn, torí àwọn àgbàlagbà ni àrùn náà ń mú lọ jù. Àfi Ọjọ́rú kan tí mo wọ yàrá wọn, tí mo bá wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ti we gèlè, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ ìpàdé wọn ni.

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yin lè dúró kó kọjá. Ọjọ́ tó kù fún mi ò tó èyí tí mo lè fi dúró."

N ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà àti ọmọ nílé, bí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ má fi oúnjẹ nìkan díwọ̀n àlàáfíà wọn. Ẹ bi kálukú léèrè ọjọ́ tó ń kà. Ní tiwa, ọmọ ni mo gbé iṣẹ́ fún: ní gbogbo Ọjọ́rú, láago mẹ́rin, kó máa bá màmá pe àwọn ìyá ẹgbẹ́ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, òun ló ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún wọn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ bí ìgbóná ṣe jà nígbà èwe wọn, tẹ́nikẹ́ni kì í pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ní Ọjọ́rú kẹta, aago méjì ò tíì lù tí màmá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Ọmọ náà ti wẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ti gba iná kún.